Ọ̀já Abẹ́ Aṣọ Eré

Ọjọ́ Ajé, 14 Jánúárì 1974

A wọlé padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lónìí. Ọyẹ́ Iléṣà ti la ètè mi kí ọkọ̀ tó já wa sílẹ̀. Ìwé tuntun rèé, ẹ̀bá rélùwéè Òṣogbo ni mo ti rà á, inú àpò ìrọ̀rí mi ni yóò sì máa gbé. Bí Mètírọ̀nì bá rí ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, mo gbé.

Ó dáa. Kí n kọ ọ́. Àlejò kò wá.

(Àlejò ni èmi àti Sikirat máa ń pe nǹkan oṣù wa, kí àwọn olùkọ́ má baà mọ ohun tí à ń sọ.) Òpin Òkítóbà ni mo rí i kẹ́yìn. Nòfẹ́ńbà — kò sí. Dìsẹ́ńbà — kò sí. Mi ò sì mọ ọkùnrin kankan rí láyé mi, Ọlọ́run ń gbọ́. Torí náà kì í ṣe oyún. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Oyún, èèyàn mọ ibi tó ń lọ. Èyí tó ń ṣe mí yìí, mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Àbí mo mọ̀ ọ́n. Màmá Ìbòkun, ìyá tó bí bàbá mi, ló sọ ọ́ nígbà Kérésì. Mo ń fi eré han àwọn ọmọdé ilé. Mo to àpótí ìjókòó mẹ́ta sí àgbàlá, mo ń fò wọ́n fìrì fìrì. Màmá ju ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó sílẹ̀. Wọ́n ní háà, ta ló kọ́ ọ níyẹn? Wọ́n ní ulé ọmọ — bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé ọmọ nìyẹn — wọ́n ní ulé ọmọ kì í ṣe korobá omi tí èèyàn ń gbọ̀n kiri. Bí obìnrin bá ń fò, á yí. Ẹnu rẹ̀ á kọjú sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà, ọmọ ò ní rọ́nà.

Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì sọ nǹkan kan fún wọn o! Ara mi tutù bí omi àmù.

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ọ̀já tí wọ́n fi pọn bàbá mi jáde, wọ́n wé e mọ́ mi nísàlẹ̀ ìdodo ní ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n fà á títí mo fi kígbe. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sáré láìdì í. Mo ní mo gbọ́ mà.

Èmi tó jẹ́ pé eré onígi ni mo ń sá! Ọgọ́rùn-ún mítà, igi mẹ́wàá, ipò kìíní ní ẹkùn wa lọ́dún tó kọjá. Ó ku oṣù méjì kí a tún pàdé lórí pápá Òṣogbo. Ẹni méjì tó bá ṣáájú níbẹ̀ ló ń lọ sí Ìbàdàn fún ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀.

Ọjọ́rú, 16 Jánúárì

Aago ti bẹ̀rẹ̀. Miss Adétọ́lá ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, olùkọ́ eré ìdárayá wa. Aago tó fi ń díwọ̀n eré kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, mo rò pé ó ń wọ̀ ọ́ wẹ̀. Kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo igi kan, ó máa ń yẹ̀ wá wò lọ́nà méjì. Èkíní: dúró lẹ́sẹ̀ kan, di ojú. Á máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí ẹsẹ̀ kejì á fi kanlẹ̀. Èkejì ni Afárá: ìgbọ̀nwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀, ara á nà gbọọrọ bí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí odò. Ó ní ẹsẹ̀ kọ́ ló ń fo igi, ikùn ni. Bí ikùn bá ti rẹ̀, ẹsẹ̀ á ṣìnà.

Nòfẹ́ńbà: ẹsẹ̀ kan, 74. Afárá, ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Òní: ẹsẹ̀ kan, 52. Afárá, ìṣẹ́jú méjì.

Aago ní ìrẹsì Kérésì ló wọ̀ mí lára. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìrẹsì wo? Láti Òkítóbà ni Màmi ti ní kí n máa gba ààwẹ̀ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì dé aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹsẹ̀ mi má baà yẹ̀ nínú ìdíje, kí orí mi sì pé nínú ìdánwò. Ìjọ Àpọ́sítélì ni Màmi, wọn kì í fi ààwẹ̀ ṣeré. Bí aago mẹ́ta bá sì fi lù, oúnjẹ ọ̀sán ti tán ní dáínìn. Aago mẹ́rin, pápá.

Ẹtì, 18 Jánúárì

Ààwẹ̀. Ọ̀já. Mo gbóòórùn àkàrà láti ilé Mètírọ̀nì, mo sì sunkún. Torí àkàrà! Èmi Làbákẹ́!

Ìṣẹ́gun, 22 Jánúárì

Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ń sọ̀rọ̀ Aago níbi tí a ti ń fọṣọ. Wọ́n ní ẹni ogójì ọdún, kò lọ́kọ, kò bímọ. Wọ́n ní nígbà tó wà lọ́mọge, ó mọ̀ ọ́n fò débi pé wọ́n gbé e lọ sí Èkó. Ẹnì kan ní eré ló jẹ ilé ọmọ rẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Sikirat ní kí wọ́n panu mọ́, pé àwọn tí ò lè sáré dé kíṣìnnì ló ń sọ̀rọ̀ eré.

Sikirat nìyẹn. Ẹtu ni mo ń pè é. Ọmọ Òṣogbo bíi tèmi, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kan tèmi, òun náà ń sáré onígi. Ẹnu rẹ̀ mú ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mú.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀já ni mo ń fọ̀ lábẹ́ aṣọ mìíràn kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Mo wo Aago lọ́ọ̀ọ́kán, tó gbé igi méjì lé èjìká, tó ń lọ sí pápá lóun nìkan. Mo ní ṣé bí èmi náà á ṣe rí rèé? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ajé, 28 Jánúárì

Ẹsẹ̀ kan: 37. Afárá: ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, apá mi ń gbọ̀n bí ewé.

Jánúárì ń lọ, Àlejò ò yọjú. Oṣù kẹta rèé. Mo jókòó, mo rò ó. Bí mo ṣe ń fò sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń yí sí i. Á jẹ́ pé ọ̀já ò tíì le tó. Láti ọ̀la, ìlọ́po mẹ́rin. Ààwẹ̀ náà ńkọ́? Mo fi Ọjọ́bọ̀ kún un. Màmi ní àdúrà tí ààwẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ kì í padà lófo.

Mo lè fi eré sílẹ̀. Mo mọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi ní àárọ̀ yìí. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé pápá.

Àìkú, 3 Fẹ́búárì

Wọ́n ṣe ìsàmì fún ọmọ mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Obìnrin tó jókòó tì mí gbé tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kí ó lè tún gèlè rẹ̀ wé. Ọmọ náà di ìka mi mú, ó ń wò mí. Mo fẹ́ẹ̀ gbé e jù sílẹ̀. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe ìkórìíra. Mo dá a padà fún ìyá rẹ̀ kí ó tó wé gèlè tán, ó ní ṣé mi ò fẹ́ràn ọmọ ni.

Ọjọ́rú, 6 Fẹ́búárì

19.

Aago tún aago rẹ̀ wò bí ẹni pé òun ni kò ṣiṣẹ́. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní Làbákẹ́, ṣé ara rẹ le? Mo ní ó le, mà. Ó ní ṣé o ń sùn? Mo ní mò ń sùn, mà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó dúró fún 74 kì í ṣubú ní 19 bí nǹkan kan ò bá ṣe é. Mo ń wo ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi, ó ku kí n là á. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹni tí eré ti jẹ tirẹ̀?

Ìṣẹ́gun, 12 Fẹ́búárì

Ó ti bàjẹ́. Yéè, ó ti bàjẹ́ pátápátá.

Aago ní kí a sá gbogbo igi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìlọ́po mẹ́rin lára mi, mo fa ìdí rẹ̀ ṣinṣin. Igi kìíní, ìkejì, mo ń lọ. Láti ìkarùn-ún ni èémí mi ò ti wọlé mọ́, ó ń dúró ní ọ̀nà ọ̀fun. Ní ìkeje, ojú mi ṣú. Mi ò tilẹ̀ fara gbún igi náà. Mo kàn wà lókè, mi ò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́, àfi gbì!

Nígbà tí mo lajú, Aago ti kúnlẹ̀ tì mí, ó ń pariwo pé kí wọ́n sún, kí atẹ́gùn ráyè. Ó tú bọ́tìnnì aṣọ eré mi kí n lè mí.

Ọ̀já yọ.

Gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Ṣé ta ni kò mọ ohun tí ọmọ ilé ìwé obìnrin ń fi ọ̀já di ikùn mọ́lẹ̀ fún? Lọ́dún tó kọjá yìí náà ni wọ́n tú ti Cecilia kíláàsì kẹrin, oṣù kẹfà ni oyún rẹ̀ wà, wọ́n lé e lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí ò sí. Mètírọ̀nì dé, ó wo ọ̀já, ó wò mí, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní háà, ìwọ náà!

Ọjọ́rú, 13 Fẹ́búárì

Ọ́fíìsì Pirinsípà. Wọ́n bi mí pé oṣù mélòó? Mo ní kò sí oyún, mà. Wọ́n ní kí ni ọ̀já ń ṣe níkùn ẹ? Mo ṣàlàyé: Màmá Ìbòkun, àpótí ìjókòó, ilé ọmọ tó ń yí. Ó dùn létí mi bí irọ́ tí wọn ò sè jinná. Mètírọ̀nì ní kí wọ́n bi mí ìgbà tí mo ṣe nǹkan oṣù kẹ́yìn. Mo ní Òkítóbà. Èmi alára gbọ́ bí ó ṣe rí.

Pirinsípà tẹ tẹlifóònù sí rélùwéè Òṣogbo. Akọ̀wé ni bàbá mi níbẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni." Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Dókítà á yẹ̀ mí wò. Bí oyún bá wà, kí wọ́n kó ẹrù mi lọ.

Ní dáínìn, wọ́n sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Sikirat nìkan ló jókòó. Ó ní ta ni? Mo ní kò sí ẹnì kankan. Ó ní Làbákẹ́, ta ni? Mo búra pẹ̀lú orí Màmi. Ó wò mí pẹ́. Ó ní ó dáa, òun gbà. Ìbínú wá dé: ó ní oṣù kẹta, o sùn tì mí, oò sọ fún mi! Ó ti abọ́ ẹ̀bà tirẹ̀ sí iwájú mi, ó ní jẹun jàre.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyún ni mò ń bẹ̀rù pé dókítà máa rí. Ohun kejì ni.

Ọjọ́bọ̀, 14 Fẹ́búárì

Bàbá mi dé pẹ̀lú kóòtù iṣẹ́ lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀. Nínú táksí títí dé ọsibítù, wọ́n ń wo ojú fèrèsé. Bàbá mi tó jẹ́ pé wọ́n á máa ka orúkọ ìbùdókọ̀ ojú irin fún mi láti Òṣogbo dé Kánò! Kí wọ́n kúkú lù mí.

Wọ́n gba ìtọ̀ mi. Dókítà tẹ ikùn mi, ó béèrè ọ̀rọ̀, ó kọ̀wé, ó jáde. Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́ ló kù sọ́dọ̀ mi, obìnrin sísanra kan tí ohùn rẹ̀ lọ sókè. Ó ní kò sí oyún o, ẹ pe bàbá wọlé. Bàbá mi wọlé, wọn ò jókòó.

Mo fi ẹnu ara mi bi í. Mo ní ṣé ilé ọmọ mi ti yí? Ó ní kí ló ní? Mo tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní yí lọ síbo? Ó wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Nígbà tó rí i pé mò ń sunkún, ó wá bi mí pé kí ni mò ń jẹ. Mo kà á fún un. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́? O sì ń sáré lójoojúmọ́? Ó kọjú sí bàbá mi, ó ní bí oúnjẹ ò bá tó, ohun tó jẹ mọ́ ọmọ bíbí ni ara máa ń kọ́kọ́ dá dúró, kí ẹ̀mí ara rẹ̀ lè wà. Ó ní kí wọ́n fún mi lóúnjẹ, kí n tú ọ̀já, kí n sinmi díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á padà.

Mo ní nígbà wo? Ó ní kò lọ́jọ́. Ti ẹlòmíràn oṣù méjì, ti ẹlòmíràn ọdún kan. Mo ní ti ẹlòmíràn ńkọ́, tí kì í padà mọ́? Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Ó ní jẹun ná.

Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Mo rí i.

Bàbá mi ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n mú mi lọ jẹ iyán, wọ́n jókòó wò mí títí mo fi jẹ òkèlè tó kẹ́yìn. Wọ́n ní, "Gbogbo òru àná ni mo fi ń—" Wọn ò parí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn máa bá Màmi sọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yẹn.

Ẹtì, 15 Fẹ́búárì

Pirinsípà ka ìwé náà, wọ́n ní ó dáa, wọ́n tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ìyẹn nìkan. Wọn ò sọ ọ́ ní àsẹ́ńbílì. Àná tí wọ́n mú mi lọ, gbogbo ilé ìwé ló rí i.

Ajé, 18 Fẹ́búárì

Ọ̀rọ̀ tuntun ti dé. Wọ́n ní bàbá mi ló mú mi lọ ṣẹ́ ẹ. Pé àárọ̀ ni mo lọ, ìrọ̀lẹ́ ni mo dé, mo sì rù. Mètírọ̀nì ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú balùwẹ̀: ó ní ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀, ó parí fún un nìyẹn, kò ní fojú kan nǹkan oṣù mọ́ láyé.

Mi ò lè bá wọn jà. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n? Títí di báyìí, òótọ́ ni Mètírọ̀nì ń sọ. Mi ò fojú kàn án.

Ọjọ́rú, 20 Fẹ́búárì

Aago ránṣẹ́ pè mí sí yàrá rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ yọ mí kúrò. Ó gbé ọ̀já mi lé orí tábìlì, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Ó ní kí n mú un lọ́wọ́, kí n wò ó. Ó ní òpó ilé ni ikùn. Bí o bá fi ọ̀já dì í, ọ̀já á máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, òun á sùn. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ dúró lẹ́sẹ̀ kan, o ń jí ẹni tó ti sùn láti Kérésì. Ó ní ká ní mo sọ fún òun ní ọjọ́ tí mo dúró fún 19 yẹn, mi ò ní ṣubú.

Mi ò mọ ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu. Mo ní mo rò pé eré ló jẹ ti yín náà ni, mà.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Wọn ò bínú. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ohun tí à ń sọ níbi ìfọṣọ nìyẹn. Wọ́n ní, "Mo bímọ, Làbákẹ́. Ọkùnrin. Ọdún kan lẹ́yìn tí mo fò ní Èkó. Oṣù mẹ́rin ló lò, ìgbóná ló mú un lọ. Ọkọ mi lọ fẹ́ ẹlòmíràn." Wọ́n ní àwọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílùú yìí rí, torí bí àwọn bá sọ ọ́, ẹkún ló máa tẹ̀lé e, ẹkún ò sì sí nínú iṣẹ́ olùkọ́.

Ojú tì mí pé Aago ni mo ń kọ síbí láti ọjọ́ yìí. Miss Adétọ́lá. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Wọ́n ní dìde, kí o lọ jẹ ẹ̀wà, ó di ọ̀la ní aago mẹ́rin.

Ọjọ́bọ̀, 21 Fẹ́búárì

Igi kan ṣoṣo, láìsí ọ̀já. Mo fò, mo sì fọwọ́ méjèèjì di ikùn mi mú lófuurufú bí ẹni tí ìró rẹ̀ fẹ́ bọ́. Sikirat rẹ́rìn-ín débi pé ó dùbúlẹ̀ sórí koríko. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò tètè gbé ọwọ́ kúrò.

Ajé, 25 Fẹ́búárì

Ẹsẹ̀ kan: 28. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀wà. Ikùn mi ń ro mí lẹ́yìn Afárá, Miss ní ó ń jí nìyẹn. Fẹ́búárì ti fẹ́ parí. Àlejò ò wá.

Ajé, 4 Mááṣì

47. Afárá: ìṣẹ́jú méjì lé díẹ̀. Ara ń padà, ẹsẹ̀ ń padà. Ohun kan ṣoṣo ni kò padà. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí ilé ìgbẹ́ ni mò ń wò, bíi lẹ́tà tí èèyàn ń retí.

Ẹtì, 8 Mááṣì

Lẹ́tà bàbá mi. Wọ́n ti lọ bá Màmá Ìbòkun, wọ́n ka ìwé dókítà fún wọn. Màmá ní ṣé dókítà náà ti bímọ rí? Wọ́n ní bó bá yí, kí ẹnikẹ́ni má pe àwọn. Mo ka ìyẹn, mo ti abọ́ ẹ̀wà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí Màmá bá jàre ńkọ́? Ọmọ méje ni wọ́n bí. Nọ́ọ̀sì pẹ́ kí ó tó fèsì.

Ìṣẹ́gun, 12 Mááṣì

71! Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ń wò mí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Miss ní èmi àti Sikirat ló ń lọ sí Òṣogbo lórúkọ ilé ìwé. Láti ẹ̀yìn wọn ni mo ti gbọ́ ọ: "Ṣé ẹni tó ṣẹ́yún yẹn náà ni?"

Ẹtì, 15 Mááṣì

Ọ̀la ni. Gbogbo ilé ìwé ń bọ̀, lọ́rì méjì. Ṣòkòtò péńpé funfun, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Oṣù karùn-ún tí mi ò rí nǹkan kan rèé. Mo gbàdúrà, mi ò gbààwẹ̀. Mo ní Ọlọ́run, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ni O máa fún mi, má fún mi ní Ìbàdàn. Mo sọ ọ́ tán, ẹ̀rù bà mí pé Ó gbọ́, torí mo fẹ́ méjèèjì.

Àbámẹ́ta, 16 Mááṣì

Mo ń kọ èyí nílé wa, ní Òkè-Baálẹ̀, ojúmọmọ ni, ẹsẹ̀ ń ro mí.

Oòrùn mú. Èrò kún etí pápá. Àwọn ará dọ́mítírì wa wà lápá ibi tí eré máa parí sí, Mètírọ̀nì níwájú wọn pẹ̀lú agbòòrùn. Inú ti ń run mí láti àárọ̀, mo pè é ní ẹ̀rù. Ọ̀nà kẹta ni mo wà, Sikirat ní ọ̀nà kẹrin.

Wọ́n ní ká gba ipò wa. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ ìka mọ́ ilẹ̀. Wọ́n ní ẹ múra. Mo gbé ìdí sókè.

Ó dé.

Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, gbígbóná, kò sí ohun mìíràn tó rí bẹ́ẹ̀. Ṣòkòtò funfun! Ìbọn ò tíì dún. Mo lè na ọwọ́ sókè, kí n ní inú ń run mí, kí n jáde. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn, kò sí irú ẹ̀ láti Kérésì: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí mo bá fò, bí mo bá tún bà á jẹ́ ńkọ́? Ohùn Màmá Ìbòkun kún etí mi. Mo wá Miss, mi ò rí wọn. Àfi gbàù!

Ẹsẹ̀ mi ti lọ. Mi ò di ikùn mú. Igi ìkíní. Ìkẹta. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Sikirat lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ní ìkeje, èémí wọlé, ó jáde. Ní ìkẹjọ ni mo gbọ́ tí obìnrin kan kígbe lẹ́bàá pápá pé "Yéè, ẹ wo ọmọ yẹn!" mo sì mọ ohun tó rí. Ìkẹsàn-án. Ìkẹwàá. Sikirat fi ìwọ̀n àyà nìkan ṣíwájú mi ní ìlà òpin. Èmi ṣe ìkejì.

Ìkejì! Ìbàdàn nìyẹn.

Mo dúró, mo tẹ̀ba, mo wo ara mi. Ó ti ṣàn dé orúnkún. Pápá ń kùn. Àwọn ọkùnrin ń wo ibòmíràn. Sikirat wò mí, ó kígbe "Àlejò!" ó sì fò mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kíláàsì kẹta dúró gbọin. Mètírọ̀nì ti ju agbòòrùn sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀, ó ti tú ìró òkè rẹ̀, ó nà án síwájú láti fi bò mí. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ọmọ mi, jọ̀wọ́, bo ara rẹ, èèyàn ń wò ọ́.

Mo ní ẹ ṣé, mà, ẹ dì í mú ná.

Mo rìn gba iwájú àwọn ará dọ́mítírì wa kọjá, láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn. Mi ò sáré.